Ẹyẹlé Ẹlẹ́yẹlé Kì Í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé Sábọ́ngàrí Kánò, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo mú wá lónìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ ẹyẹlé tí wọ́n ń gbé wá síwájú àwa àgbà kò kéré mọ́, nítorí pé ẹyẹ kò mọ ògiri tó wà láàárín Yorùbá, Ígbò àti Hausa.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹlé tí wọ́n ní ó sọnù, kò sọnù rárá. Ẹyẹlé tó ti gbó kí ẹ tó rà á lọ́jà, bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé ẹni tó tà á ni yóò gbà lọ. Ẹ sé e mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 4, níbi tí yóò ti máa rí òrùlé àti àgbàlá yín. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú u, kí ebi sì wà nínú rẹ̀. Ìró ọkà bàbà nínú agolo ni yóò pè é wálé.

Ti odídẹrẹ́, tí àwọn Hausa ń pè ní aku, yàtọ̀. Ẹ̀rù ló sábà ń gbé e lọ: àṣá kọjá, ilẹ̀kùn dún gbàà, ó ti dé orí igi. Àwọn tó gé ìyẹ́ apá rẹ̀ rò pé ó parí, wọ́n gbàgbé pé ìyẹ́ ń hù padà. Ẹ má sọ òkò sí i. Ẹ gbé àgò rẹ̀ síta níbi tí yóò ti rí i, kí ẹni tó mọ ohùn rẹ̀ máa pè é ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹyẹ yìí ń dínkù nínú igbó. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fòfin de títa àwọn tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ẹni tó ń bí mi nínú ni ẹni tí ẹyẹlé ẹlẹ́yẹlé wọ ilé rẹ̀, tó sé e mọ́ tirẹ̀, tàbí tó tilẹ̀ sè é jẹ. Ní ìlú tí a ti jẹ́ àlejò, ẹyẹlé kan ṣoṣo lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá òrùka wà níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Bí ẹ kò bá rí olówó rẹ̀, ẹ sọ fún mai unguwa lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó wá gba ẹyẹ rẹ̀ náà sì sanwó ọkà tó jẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu owó ìtanràn lé e.