Ẹ̀kọ́ tí Akínkùgbé kọ́ wa lórí kíndìnrín

Oǹdó ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkùgbé lọ́dún 1933. Kó tó jáde láyé ní 2020, ó ti kọ́ àìmọye dókítà n'Íbàdàn, ó sì ti darí yunifásítì n'Ílọrin àti Zaria. Ipò ńlá ni, àmọ́ èmi ò fi ìyẹn yìn ín jù. Láti 1972 ló ti kọ odindi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, abẹ́lẹ̀ ló ti ń ba kíndìnrín jẹ́. Tó bá bàjẹ́ tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn; mélòó nínú wa ló lówó ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń yẹ ìfúnpá wò. Kí ló dé tí a ò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí?