Ẹni Tó Ta Ewúrẹ́ Kò Gbọdọ̀ Di Okùn Rẹ̀ Mú

Kò sí ọmọ tó dàgbà lágbègbè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ì báà jẹ́ ará Bessé tàbí ará Kaboua, tí kò ní wù ú kí ó gun kẹ̀kẹ́ já láti orí òkè wọ̀nyẹn. Ìyá rẹ̀ kò ní gbà. Géèmù ló gbà fún un.

Riders Republic, tí Ubisoft ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2021, gbà fún un gan-an: kẹ̀kẹ́, pátákó orí yìnyín, aṣọ tí wọ́n fi ń fò bí ẹyẹ, lórí àwọn òkè Amẹ́ríkà bíi Yosemite àti Zion. Bó bá ṣubú, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, eré yóò yí pa dà sẹ́yìn, ọmọ àti kẹ̀kẹ́ yóò fò pa dà sókè àpáta, wọn yóò tún máa lọ. Ó dùn, n kò ní purọ́.

Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ géèmù yìn ín, pàápàá ìdíje tí èèyàn tó 64 ti ń rọ́ lura wọn lórí òkè kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n bú ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, pé ó ń súni. Ìyẹn kò kàn mí. Ẹjọ́ tèmi ni pé bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, géèmù tí o fowó rà kò ní jẹ́ kí o gun kẹ̀kẹ́, kódà bó o bá fẹ́ dá gùn ún láìbá ẹnikẹ́ni díje. Ṣé ọmọ tó ń ra mẹ́gà díẹ̀díẹ̀, tó ń gbé fóònù sókè kiri àgbàlá kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé, ni wọ́n ṣe èyí fún? Wọ́n ta ewúrẹ́ fún un, wọ́n sì di okùn mú.

Wọ́n sì ti fa okùn náà rí. The Crew, géèmù ìdíje ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbé jáde ní 2014, kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024 nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tó so mọ́. Ubisoft kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún ẹni tó rà á láti tún ṣí i. Ariwo sọ: ní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù kan ará Yúróòpù tó buwọ́ lùwé pé kí irú rẹ̀ dópin.

Àwọn kan ní èèyàn 64 kò lè bára wọn díje láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Ẹni tó dá wà ńkọ́? Ubisoft fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí ara rẹ̀: ní oṣù kẹsàn-án 2024, ó ṣèlérí pé The Crew 2 yóò ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe, àbí? Wọn ò kàn fẹ́ ni.

Láti oṣù kìíní 2025, òfin Kalifọ́níà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú èyí ní títà, àfi bó bá sọ gbangba fún oníbàárà pé àyè ìlò lásán ni. Èyí kéré. Kí àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́ sọ pé géèmù tí kò bá ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má tà á ní Bẹ̀nẹ̀ rárá. Ká tó dé ibẹ̀, ẹni tó bá ń fi PlayStation 2 àtijọ́ àti géèmù kẹ̀kẹ́ Downhill Domination ti 2003 gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Díìsìkì rẹ̀ wà nínú àpótí, kò sì sẹ́ni tó lè dúró sí Paris kí ó pa á.