Ẹ Jẹ́ Káwọn Ọmọ Wa Fi Eré Kọ́ Òwò

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Kano, ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábọ́ngàrí, tó sì bímọ.

Láyé àwọn bàbá wa, ìdí ọjà lọmọ ti ń kọ́ òwò. Ní báyìí, ọmọ ti iléèwé dé, ó tún kọrí sí lẹ́sìnnì. Yóò jáde Yunifásítì tán, kò ní mọ iye tí bàbá rẹ̀ ń ra yáàdì aṣọ kan. Bàbá kú, kí ọdún méjì tó pé, ọmọ ti ta ṣọ́ọ̀bù. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, ṣọ́ọ̀bù ni oko wa. Bó bá lọ, kí ló kù? Ìjọba gbìyànjú, ní 2011 wọ́n fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò kún ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ kàn ń há a sórí fún ìdánwò ni.

Àwọn òyìnbó ti ronú sí i tipẹ́. Ní 1957, American Management Association kó àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jọ láti fi eré ṣòwò, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò èrè àti àdánù wọn. Ní 1973, wọ́n ṣe ti àwọn ọmọ iléèwé ní Minnesota, wọ́n pè é ní Lemonade Stand. Omi ọsàn ni ọmọ ń tà níbẹ̀. Òun ni yóò sọ iye ife tí yóò pò, iye tí yóò tà á, àti iye pátákó ìpolówó tí yóò gbé síta. Bí òjò bá rọ̀, ọjà kò tà. Owó rẹ̀ lè tán pátápátá, ṣùgbọ́n owó orí kọ̀ǹpútà ni. Kò sí olówó tí yóò wá kanlẹ̀kùn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé eré tí a bá rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjà ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Kò lè mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọjà kún ṣọ́ọ̀bù wa, oníbàárà dúró, owó ìná ni kò sí. Lópin Oṣù Karùn-ún, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 500. Lóṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà dọ́là. Ẹni tó ta ọjà rẹ̀ ní iye àtijọ́, tó ní òun jèrè, owó náà kò ra iye ọjà tó tà padà. Ọmọ tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀mẹta nínú eré yóò mọ̀ pé iye tí a ó fi ra tuntun ni à ń wò, kì í ṣe iye tí a fi ra ti àná.

Nítorí náà, ká má wulẹ̀ lọ ra. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣí ìdí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, "open source" ni wọ́n ń pè é: ẹ lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì tún un ṣe bó ṣe wù yín. Ọ̀kan ni oTree, tí Daniel Chen àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2016. Python, èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń kọ́, ni wọ́n fi ṣe é. Ogún ọmọ lè wọ eré kan náà pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n máa rà kí wọ́n máa tà láàrin ara wọn. Kọ̀ǹpútà kan tó láti gbé e ró, láìjẹ dátà, bí a bá ti so àwọn fóònù mọ́ ọn. A lè fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ká tún fi Hausa kọ ọ́, èdè oníbàárà wa ṣáà ni.

Ọ̀fẹ́ yìí kò ní kó má náni lówó o. Ọ̀dọ́ tó máa kọ ọ́ yóò jẹun, iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kò sì ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tí a máa ń fi ta iléèwé lọ́rẹ, tí a ó ya fọ́tò síwájú rẹ̀, tí eruku yóò wá bò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹni tí ìwé ọjà rẹ̀ ti 2022 àti 2023 bá ṣì wà, yálà aṣọ ló ń tà tàbí páàtì mọ́tò, kó mú un wá sípàdé wa tó ń bọ̀. Iye owó inú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fi sínú eré náà. Ẹ lè fi nǹkan bo orúkọ àwọn onígbèsè yín.