Ìlú Tí Ogun Ti Kó Rí



Lọ́dún 2022 ni fíìmù The Woman King jáde, tí ẹnu gbogbo ayé sì ń sọ nípa àwọn Agojie, ọmọ ogun obìnrin Dàhọ̀mì. Ọdún yẹn náà ni ìjọba orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Dàhọ̀mì wà, ṣí ère obìnrin jagunjagun kan ní Kútọnu, tó ga tó mítà 30.

Akíkanjú ni wọ́n, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń gbógun tì? Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta lọ́dún 1851, wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864. Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì pa Kétu run, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Àwa ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, kò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn yìí bí ẹni ń wo eré. Ogun akónilẹ́rú ti kó àwa náà rí: àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà já wọ Owé, Yàgbà, Bùnú àti Ìjùmú, àwọn baba wa sá gun orí òkè, wọ́n ń fi ọmọ ènìyàn san ìṣákọ́lẹ̀, títí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897.

Nítorí náà, ẹni tó gbèjà ìlú ni kí a máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa nípa rẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú kò gun ẹṣin lọ sójú ogun, oníṣòwò ni. Nígbà tí Dàhọ̀mì dé ní 1864, ó wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde lọ́dún náà. Ó ti ta ẹrú rí. Ó dùn mí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, Abẹ́òkúta kò ṣubú.

Lónìí, ajínigbé ti sọ oko di ibi ẹ̀rù fún àwọn ìyá wa. Ìlú a pe ìpàdé ààbò, ọkùnrin nìkan ni yóò jókòó, obìnrin a wà nídìí ààrò. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń na ọ̀nà odò, oko àti ọjà lójoojúmọ́; àwọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rí àjèjì. Ní ìpínlẹ̀ Adamawa, obìnrin ọdẹ kan, Aisha Bakari Gombi, ṣáájú àwọn ọdẹ ọkùnrin wọ igbó lọ dojú kọ Boko Haram.

Mo bẹ Ọbaró, ọba Kábbà, mo bẹ àwọn ọba wa yòókù àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀: ẹ fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀ ààbò. Èyí tó bá fẹ́ ṣọdẹ nínú wọn, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì san owó tí ẹ ń san fún ọkùnrin fún un.