Ẹnu Kan Ní Í Sọ̀rọ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Bí oníṣòwò bá fi wọ́kì-tọ́kì ránṣẹ́ sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, “Má tà á láwìn,” tí ó sì tètè jáwọ́ lára bọ́tìnì, “Má tà á” ni ọmọ yóò gbọ́. Ọjà yóò wà nílẹ̀, oníbàárà yóò sì lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn ẹ̀rọ tí ń fi wáyà méjì bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà tí a ń pè ní RS-485, èyí tí a gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ ní 1983. Ọ̀pọ̀ ínfátà àti bátìrì iná oòrùn ń lò ó. Wáyà náà lè gùn tó 1,200 mítà bí ọ̀rọ̀ kò bá yára jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ta wá ni yóò máa tẹ bọ́tìnì? Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ètò inú kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè jáwọ́ kí lẹ́tà ìkẹyìn tó jáde tán. Ó sì lè pẹ́ jù, kí ó di ẹni tí ń dáhùn lẹ́nu. Ní ìwọ̀n 9600, lẹ́tà kan kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Nítorí náà, kí ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ gan-an máa darí bọ́tìnì ni ó dára jù. Òun ni ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.