Ohun tí iná kò lè fọ́

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Amọ̀ sísun kò bẹ̀rù iná. Àìọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó gbé agbára mànàmáná, ni ọ̀tá rẹ̀. Ní Yunifásítì Witwatersrand, Johannesburg, ẹ̀rọ iThemba LABS kan wà tó ń ta á bí ọfà lu ohun líle, kí àwọn onímọ̀ lè rí ọgbẹ́ tó ń dá sí i lára. Bí ó bá wọlé, a ti àwọn átọ́ọ̀mù kúrò ní ìjókòó wọn. Òmíràn a padà, òmíràn a ṣìnà, ohun náà a wú, a sì lè sán.

Kí ló kan ará ìlú níbẹ̀? Koeberg, nítòsí Cape Town, ti ń pèsè iná láti 1984. Uranium àti ọ́síjìn tí wọ́n pò, tí wọ́n sì sun bí amọ̀, ló ń lò. Èérún átọ́ọ̀mù tó ń fọ́ nínú rẹ̀ ń lù ú lójoojúmọ́, síbẹ̀ (ìyanu ni!) ètò rẹ̀ kì í dàrú tán. Òkúta zircon kò rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀nba uranium inú rẹ̀ lè sọ ọ́ di bíi gíláàsì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Nítorí náà, ohun tí wọn yóò fi di ẹ̀gbin uranium pa kì í ṣe ohun àìròtẹ́lẹ̀. Èyí tí Koeberg ti lò ṣì wà nínú ọgbà rẹ̀.