Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Mu Aró

Lọ́jọ́ kan ara mi gbóná ní Ìdí Arère, mo sáré lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èsì fi jáde: kòkòrò ibà wà. Àǹtí mi ní kí n tún un ṣe níbòmíràn kí n tó lo oògùn. Ibẹ̀ ò rí kòkòrò kankan. Wọ́n ní tí wọn ò bá sẹ́ aró dáadáa, ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń jọ kòkòrò ibà lójú ẹni.

Aró tí mò ń wí ni Giemsa, tí Gustav Giemsa ṣe ní Jámánì lọ́dún 1904. Ó máa ń sọ ara kòkòrò ibà di búlúù, kóró inú rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó nípọn lórí gíláàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ. Tí aró bá jẹ́ 10%, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó tó mú. Tó bá jẹ́ 3%, ìṣẹ́jú 30 sí 45 ni. Omi tí wọ́n fi pò ó náà ní ìwọ̀n: pH 7.2.

Ṣé ẹ mọ àdìrẹ Ìbàdàndùn, tó ní òpó Màpó lára? Ta ló jẹ́ kánjú aláró tó ń ṣe é? Àmọ́ tó bá kan ẹ̀jẹ̀ wa, "Ẹ bá mi ṣe é kíá" là ń wí. Lójú tèmi, àwa náà jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dúró de èsì yín. Ẹ sì bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti sẹ́ aró yẹn lónìí?"